Ewu Tí Kì Í Dunni Lójú Ẹsẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Ṣe Fẹ́ǹsì

Ẹni tó ń ṣe fẹ́ǹsì kò nílò olùkọ́ kó tó mọ̀ pé òòlù lè fọ́ ìka tàbí pé wáyà ẹlẹ́gùn-ún lè fa ara ya. Ìrora ti kọ́ ọ. Èyí tó ń rú ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ni ewu tó ń ṣeni láìsí ìrora kankan, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ara bá máa fi mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Apá ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí dá lé.

Ìbéèrè: Mo kúnlẹ̀ sínú kọnkéré tútù nígbà tí à ń ri òpó. Kò ta mí rárá. Nígbà tó di alẹ́ ni orúnkún mi bó. Ṣé sìmẹ́ńtì náà ni?

Òun ni. Bí omi bá ti kan sìmẹ́ńtì, ó di ohun tó ń jẹ awọ. Ìwọ̀n pH, ìyẹn òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bóyá nǹkan jẹ́ ásíìdì tàbí òdìkejì rẹ̀, jẹ́ nǹkan bí 5.5 fún awọ èèyàn, ti sìmẹ́ńtì tútù sì wà láàárín 12 sí 13. Bí pH bá fi nọ́ńbà kan péré gòkè, ìlọ́po mẹ́wàá ni agbára rẹ̀ fi pọ̀ sí i, nítorí náà àlàfo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Iná máa ń ta wá, à á sì yára fa ọwọ́ wa kúrò. Sìmẹ́ńtì kì í kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ọ̀rá inú awọ jẹ́ tó ń wọlé lọ, ó sì lè jìn kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ti ẹlòmíì máa ń le débi pé dókítà ní láti gé awọ níbòmíì lára rẹ̀ wá bo ojú ọgbẹ́ náà.

Orúnkún ṣòkòtò, inú bàtà búùtù àti abẹ́ ìbọ̀wọ́ ló ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ìbọ̀wọ́ aláṣọ tó ti fa omi sìmẹ́ńtì mu lè burú ju ọwọ́ lásán lọ, torí pé ó ń di omi náà mọ́ awọ fún wákàtí bíi mélòó kan. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn kọjá ọrùn ọwọ́ ló yẹ iṣẹ́ yìí. Bó bá wọnú bàtà yín, ẹ má sọ pé “ẹ jẹ́ kí n parí òpó yìí ná.” Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí omi tó mọ́ máa ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ ló dà sí yín lára, ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n dànù kí ẹ tó bu omi sí i. Bó bá ṣì pọ́n tàbí tó ń ta yín lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Wàhálà kejì tún wà nínú sìmẹ́ńtì. Èròjà chromium kan wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ tó lè mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá ti dà bẹ́ẹ̀ fún, bó fọwọ́ kan díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún, á sì máa sán, ó sì lè bá a títí ayé. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi fòfin dè é láti 2005 pé èròjà náà kò gbọ̀dọ̀ ju ìpín 2 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú sìmẹ́ńtì.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti wẹ́ẹ̀dì irin tí wọ́n fi síńkì bò, òtútù máa ń mú mi lálẹ́, ara mi á sì gbóná. Mo lo oògùn ibà, ó lọ. Ṣé ibà ni lóòótọ́?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ibà rárá. Síńkì tí wọ́n fi bo irin kó má bàa dípẹtà máa ń hó ní 907°C, bẹ́ẹ̀ irin fúnra rẹ̀ kì í yọ́ àfi tó bá tó nǹkan bí 1,500°C. Kí irin tó yọ́, síńkì ti di èéfín funfun. Ẹni tó bá fà á símú á máa gbọ́ adùn irin lẹ́nu, kò sì ní í ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni òtútù, orí fífọ́, ikọ́ àti ara ríro á tó dé, wọ́n á sì lọ fúnra wọn láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Oògùn tí ẹ lò ló wá gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ bóyá ibà wà níbẹ̀, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi pa á tì.

Ohun tó máa ń ya àwọn wẹ́dà lẹ́nu ni pé ọjọ́ Ajé ló máa ń le jù. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ, èéfín náà á máa mọ́ ara lára. Bí ara bá sinmi ní ìparí ọ̀sẹ̀, á gbàgbé, tó bá sì di ọjọ́ Ajé, ó tún di ọ̀tun. Bí òtútù yín bá ní ọjọ́ tó máa ń yàn, ẹ fura sí èéfín.

Wàrà tí àwọn kan máa ń mu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńkọ́? Inú ikùn ni wàrà ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń bá lọ. Ẹ mu ún bó bá wù yín, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ ha síńkì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí ẹ fẹ́ jó, kí ẹ má tẹrí sórí iṣẹ́, kí ẹ sì dúró síbi tí atẹ́gùn á ti máa gbé èéfín kúrò lójú yín. Aṣọ tí ẹ so mọ́mú kò lè dá a dúró, ìbòmú onífílítà tí wọ́n ṣe fún èéfín irin ni kí ẹ lò.

Ẹ tún ṣọ́ra fún cadmium. Wọ́n máa ń fi bo àwọn nọ́ọ̀tì kan, ó sì jọ síńkì lójú. Èéfín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ bí òtútù kan náà, àmọ́ ó lè pa èèyàn. Bí ẹ kò bá lè mí dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ wẹ́ẹ̀dì, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lọ rí dókítà.

Ìbéèrè: À ń fa wáyà fẹ́ǹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná ńlá. Wáyà wa kò kan tiwọn rárá, síbẹ̀ ó gbé ọmọ iṣẹ́ kan. Báwo ló ṣe jẹ́?

Kò dìgbà tó bá kan án. Agbára iná àti ti mágínẹ́ẹ̀tì máa ń tàn yí wáyà iná ńlá ká. Wáyà fẹ́ǹsì tó bá ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́nà jíjìn á máa gbà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ igi gbígbẹ tàbí ike ni òpó yín, ohun tó kó jọ sínú wáyà kò ríbi gbà sọ̀ kalẹ̀, títí ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ á fi dì í mú. Òun ló wá di ọ̀nà fún un. Òpó irin máa ń dín in kù, àmọ́ kì í yanjú gbogbo rẹ̀ bí fẹ́ǹsì bá gùn. Èyí tó gba abẹ́ iná kọjá ní ìbú kì í sábà ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá iléeṣẹ́ iná sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tú wáyà sílẹ̀. Ẹ gbá ọ̀pá irin wọlẹ̀, kí ẹ so wáyà mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Páìpù gígùn, ẹ gbé e ní ìbú, ẹ má nà án sókè. Òfin Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè ni pé kó jìnnà tó nǹkan bíi mítà 3 sí wáyà iná tí kò ju 50,000 fóólítì (volt) lọ, iná tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ gba àyè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mú páìpù lọ́wọ́ pẹ̀lú lè fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n.

Bí ẹ bá sì gbọ́ ààrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ fi wáyà sílẹ̀. Mànàmáná tó bá já lu ìkángun fẹ́ǹsì lè gba orí wáyà dé ìkángun kejì. Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn ààrá tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó padà síbẹ̀.

Ìbéèrè: Wáyà tín-ín-rín lásán, kí ló wá dé tí wọ́n fi ń yọ wá lẹ́nu pé ká wọ awò ìdáàbòbò?

Gbogbo agbára tí ẹ fi fà á ṣì wà nínú rẹ̀. Wáyà líle tí kò nípọn ju mìlímítà 2.5 lọ, wọ́n lè fà á títí á fi le tó ìwúwo 100 kìlógíráàmù. Bó bá já, ó ń padà bọ̀ bíi rọ́bà kànnàkànnà tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ojú ló sì máa ń bà. Ẹ jẹ́ kí òpó wà láàárín ẹ̀yin àti wáyà tí ẹ ń fà, ẹ má fẹsẹ̀ dá a kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ tú fẹ́ǹsì àtijọ́, ẹ dẹ wáyà kí ẹ tó gé e, torí pé ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lápá ibì kan tí ẹ kò rí.

Ìbéèrè: Ihò òpó kò jìn. Ṣé dandan ni ká béèrè ohun tó wà nínú ilẹ̀?

Dandan ni. Wáyà iná àti páìpù gáàsì wà tí kò jìn tó ihò òpó yín. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń pe nọ́ńbà 811 kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, kí àwọn tó ni wáyà àti páìpù lè wá sàmì síbi tí wọ́n gbà kọjá. Bó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé ibi tí wọ́n sàmì sí, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá gbúròó gáàsì, ẹ sá jìnnà kí ẹ tó tẹ fóònù.

Ìbéèrè: Irin oníhò tí a fi ń gbá òpó wọlẹ̀, kí ni ewu rẹ̀?

Orí yín ni. Bí ẹ bá gbé e sókè jù, ẹnu rẹ̀ á yọ lórí òpó, bó bá ń bọ̀ nílẹ̀, etí rẹ̀ á já lé ẹni tó gbé e lórí. Ẹ dé akoto, kí ẹ má jẹ́ kó bọ́ kúrò lórí òpó títí ẹ ó fi parí.

Ìbéèrè: Eruku kọnkéré tí a gé, ṣé ikọ́ lásán ló ń fà?

Ikọ́ ni ti òní. Eruku tó kéré jù, tí ojú kò rí, ló ń lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń dá ọgbẹ́ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àrùn yẹn kò ní ìwòsàn. Ẹ da omi sójú ibi tí ẹ̀rọ ti ń gé e, kí ẹ sì wọ ìbòmú gidi.

Ìbéèrè: Ọ̀gá ní kí kálukú fowó ara rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ àti awò. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn?

Rárá. Àdéhùn 155 tí àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ìyẹn ILO, ṣe ní 1981 sọ ọ́ ní ẹsẹ 21 pé ètò ààbò lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ̀dọ̀ ná òṣìṣẹ́ lówó. Ó tún dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ní ìdí tó dájú láti gbà pé ewu ńlá tó ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí tàbí ìlera òun wà níbẹ̀. Lójú tèmi, àwíjàre ọ̀gá tó ń sọ pé iṣẹ́ kò lówó lórí kò múná dóko. Bó bá ń ka iye sìmẹ́ńtì àti wáyà sínú owó tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, kó ka ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú àti awò mọ́ ọn kó tó dá iye.