Ìdí Tí Pọ́tà Fi Ń Lé Èèyàn Jáde: Bí Sẹ́ṣọ̀n Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Búráúsà Kọ̀ọ̀kan

Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sí yàrá rẹ̀ n'Ìwòrókó, ó ń san owó ilé ìwé lórí fóònù. Ó ti fi nọ́ńbà mátíríìkì àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé sórí pọ́tà, pọ́tà ti gbé e lọ sí ojú òpó ìsanwó, ó ti kọ nọ́ńbà ATM rẹ̀, ó ti dúró de kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́, owó sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ojú òpó ìsanwó ṣe dá a padà báyìí, pọ́tà ní kó wá wọlé, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ti san tirẹ̀ láàárọ̀ lórí búráúsà mìíràn (búráúsà ni áàpù tí a fi ń ṣí ojú òpó, bíi Chrome, Firefox tàbí Safari), kò sì rí wàhálà kankan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni gbogbo èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Nínú irú ọ̀ràn yìí, ọwọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́.

Sáfà, kọ̀ǹpútà tí pọ́tà ń gbé lórí rẹ̀, kì í rántí ẹnikẹ́ni. Bí HTTP, èdè tí búráúsà àti sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ṣe rí látilẹ̀wá nìyẹn: ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dá dúró, ọ̀kan kò mọ èkejì. Ní 1994 ni Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape nígbà náà, gbé kúkì kalẹ̀ láti fi yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàtọ́jú rí ní ọsibítù ìjọba l'Ádó ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á fún un ní káàdì pélébé kan tó ní nọ́ńbà lórí. Fáìlì rẹ̀ gan-an, níbi tí dókítà kọ gbogbo nǹkan sí, wà ní yàrá rẹ́kọ́ọ̀dù. Káàdì ò mọ àìsàn kankan, nọ́ńbà lásán ló gbé. Ṣùgbọ́n bí káàdì bá sọnù, fáìlì á wà níbẹ̀ tí kò ní sí ẹni tó máa rí i fà yọ.

Sẹ́ṣọ̀n tí à ń sọ yìí, tí kì í ṣe sẹ́ṣọ̀n ilé ìwé, ni fáìlì yẹn. Ọ̀dọ̀ sáfà ló ń gbé. Kúkì ni káàdì, búráúsà ló sì ń gbé e kiri. Níbi tí wàhálà ti ń wá ni pé búráúsà kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ nípa ìgbà tó máa mú káàdì jáde, bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìgbà tó máa fà á ya. Ẹni tó kọ pọ́tà tí kò sọ ohun tó fẹ́ ní pàtó ti fi ìpinnu náà lé búráúsà lọ́wọ́.

Ìlà kan tí sáfà kọ mọ́ èsì rẹ̀ ni káàdì máa ń bá dé inú búráúsà:

Set-Cookie: __Host-sid=k7Qx29; Path=/; Secure; HttpOnly; SameSite=Lax; Max-Age=7200

A gé nọ́ńbà káàdì yìí kúrú kó lè gba ojú ìwé. Ti gidi gbọ́dọ̀ gùn gan-an, kó sì jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò. Path=/ ní kí káàdì ṣiṣẹ́ fún gbogbo ojú ìwé pọ́tà. Secure ní kí búráúsà má mú káàdì jáde àfi lórí HTTPS, ìyẹn HTTP tí a fi àṣírí bò. HttpOnly ní kí JavaScript, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ojú ìwé lórí búráúsà, má rí i, kí kóòdù olè tó bá yọ́ wọ inú ojú òpó má baà jí i gbé. Max-Age=7200 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn wákàtí 2. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, __Host-, jẹ́ àdéhùn: búráúsà tó bá mọ̀ ọ́n kò ní gba kúkì náà wọlé àyàfi tí Secure àti Path=/ bá wà níbẹ̀ tí Domain, tó ń sọ orúkọ ojú òpó tí kúkì wà fún, kò sì sí. Búráúsà tí kò mọ̀ ọ́n á kà á sí orúkọ lásán, kò ní ba nǹkan kan jẹ́.

SameSite ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòrókó wà nínú rẹ̀. Òun ló ń sọ fún búráúsà ohun tó máa ṣe nígbà tí ìrìn àjò bá ti ojú òpó ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ Strict, búráúsà kò ní mú káàdì jáde rárá. Bó bá jẹ́ Lax, á mú un jáde tí èèyàn bá tẹ líǹkì wá, ìyẹn GET, ṣùgbọ́n kò ní mú un jáde tó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù ni ojú òpó kejì fi ránṣẹ́ wá, ìyẹn POST. Bó bá jẹ́ None, á mú un jáde nígbà gbogbo, Secure sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan kò bá kọ SameSite rárá? Láyé àtijọ́, gbogbo búráúsà ń kà á sí None. Láti orí Chrome 80, tó jáde ní oṣù kejì 2020, Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí Lax. Firefox àti Safari kò bá a ṣe é nígbà náà. Ibi tí ọ̀nà ọ̀rẹ́ méjèèjì ti yà nìyẹn: pọ́tà kan náà, owó kan náà, búráúsà ló yàtọ̀. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé Chrome fi àyè kékeré kan sílẹ̀. Kúkì tí kò ní SameSite, tí kò sì tíì pé ìṣẹ́jú 2 tí wọ́n fi í sílẹ̀, Chrome á ṣì mú un jáde fún POST. Nítorí náà, ẹni tó kọ pọ́tà á dán an wò ní ọ́fíìsì, á wọlé, á sanwó kíákíá, gbogbo rẹ̀ á lọ geere. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kóòdù báńkì rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, tó ti lo ìṣẹ́jú 5, ni wọ́n máa lé jáde. Wọ́n á sọ fún un pé àwọn dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, òtítọ́ lòun náà sì sọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Nígbà tí POST yẹn dé láìní káàdì lọ́wọ́, kóòdù pọ́tà pe session_start, àṣẹ tó ń ṣí sẹ́ṣọ̀n nínú èdè PHP tí wọ́n fi kọ pọ́tà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò rí káàdì, ó ṣí fáìlì òfìfo tuntun, ó sì fún búráúsà ní káàdì tuntun, èyí tó gba ipò ti àtijọ́. Bí kò bá ṣe ìyẹn ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí pọ́tà, káàdì rẹ̀ àtijọ́ ì bá ṣì ṣiṣẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe kí a sọ gbogbo kúkì di None. Safari orí iOS 12 máa ń ka None sí Strict, Chrome 51 sí 66 sì máa ń da kúkì tó bá ní None nù pátápátá, irú fóònù bẹ́ẹ̀ sì lè ṣì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ojú ìwé tí ìsanwó ń padà sí má lo sẹ́ṣọ̀n rárá. Kó gba nọ́ńbà ìdúnàádúrà, kí sáfà fúnra rẹ̀ bi ilé ìsanwó léèrè bóyá owó wọlé, kó kọ ọ́ sí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ni nọ́ńbà náà nínú àkójọ, lẹ́yìn náà kó fi 303, kóòdù tí sáfà fi ń ní kí búráúsà lọ sí ojú ìwé mìíràn, darí búráúsà lọ sí ojú ìwé rìsíìtì. 303 ti sọ ọ́ di GET, nítorí náà Lax á mú káàdì jáde. Kódà bí fóònù bá kú sójú ọ̀nà, owó ti wọ orúkọ ẹni tó san án.

Ọ̀rọ̀ bí káàdì ṣe ń pẹ́ tó náà ní kọ́lọ́fín tirẹ̀. Expires ń sọ ọjọ́ àti aago tí káàdì máa kú, aago orí fóònù sì ni búráúsà mìíràn lè fi wò ó. Nígbà náà, fóònù tí aago rẹ̀ fi wákàtí 3 ṣáájú lè pa káàdì oníwákàtí 2 lójú ẹsẹ̀ tó bá gbà á. Max-Age máa ń kà láti ìgbà tí káàdì dé, aago tó ṣìnà kò pa á lára. Kúkì tí a bá fi JavaScript kọ, Safari kì í jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 7. Èyí tí sáfà bá kọ fúnra rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n Chrome kì í jẹ́ kí kúkì kankan kọjá ọjọ́ 400.

Èyí tí a kò bá fún ní ọjọ́ kankan, ó yẹ kó kú nígbà tí wọ́n bá pa búráúsà. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wo káfẹ́ kan l'Ókèṣà: iná lọ lójijì, kọ̀ǹpútà kú kí oníbàárà tó jáde kúrò lórí pọ́tà. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹlòmíràn jókòó, búráúsà dá gbogbo táàbù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà pẹ̀lú káàdì wọn. Àwọn tó ń kọ pọ́tà ló yẹ kó dí ihò yìí, kì í ṣe oníkáfẹ́. Kí sáfà fúnra rẹ̀ máa pa fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ìṣẹ́jú 30, kó sì ní wákàtí kan pàtó tí gbogbo sẹ́ṣọ̀n máa kú, ìbáà ṣiṣẹ́ ìbáà má ṣiṣẹ́.

Kí iye méjèèjì bára mu, ìyẹn ti káàdì àti ti fáìlì. Nínú PHP, session.gc_maxlifetime, iye ìṣẹ́jú àáyá tí fáìlì lè fi wà láìlò, jẹ́ 1440 bí ẹnì kan ò bá yí i padà, ìyẹn ìṣẹ́jú 24. Káàdì á ní òun ṣì ní wákàtí 2, àwọn tó ń gbálẹ̀ á ti da fáìlì nù. Lórí sáfà tí ọ̀pọ̀ ojú òpó jọ háyà, wọ́n lè jọ máa kó fáìlì sẹ́ṣọ̀n sí àpò kan náà, ìgbálẹ̀ aládùúgbò á sì gbá tìrẹ mọ́ ọn. Fún pọ́tà ní session.save_path tirẹ̀, ìyẹn àpò tó ń kó fáìlì sẹ́ṣọ̀n sí. Bí sáfà bá ju 1 lọ, Redis (ètò tó ń tọ́jú dátà sínú mẹ́mórì) tàbí àkójọ dátà tí gbogbo wọn ń rí ni kí fáìlì máa gbé.

Àwọn kan a máa so sẹ́ṣọ̀n mọ́ IP, nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, nítorí ààbò. Ìyà lásán ni fún ẹni tó ń lo fóònù. IP ń yí padà tí èèyàn bá kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí dátà, Opera Mini tó bá sì ń dín dátà kù gidigidi ń gba ọ̀dọ̀ sáfà Opera kọjá, IP ti wọn ni pọ́tà á rí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yíyí nọ́ńbà káàdì padà nígbà tí èèyàn bá wọlé. Ó pọn dandan, nítorí ó ń dí olè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já kí nọ́ńbà tuntun tó dé, fóònù á ṣì máa lo nọ́ńbà àtijọ́ tí sáfà ti pa. Jẹ́ kí àtijọ́ wà láàyè fún ìṣẹ́jú 1 sí i.

Líǹkì tí èèyàn bá tẹ̀ nínú Facebook ń ṣí sínú búráúsà inú Facebook, tí àpò kúkì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Chrome. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ níbẹ̀, tí ímeèlì ìjẹ́rìísí rẹ̀ wá ṣí sínú Chrome, kò ní káàdì lọ́wọ́. Kí líǹkì ìjẹ́rìísí gbé àmì tirẹ̀ dání, kó má béèrè sẹ́ṣọ̀n.

Bí ọ̀rẹ́ méjì bá sì wọlé lórí búráúsà kan náà, táàbù méjì, àpò kan ni wọ́n jọ ń lò. Káàdì ẹnì kejì gba ipò ti ẹnì kìíní, bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹnì kìíní ṣì wà lójú táàbù rẹ̀. Kọ́ọ̀sì tó bá yàn á wọ orúkọ ẹlòmíràn. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ gbé àmì tó bá sẹ́ṣọ̀n tó bí i mu, kí sáfà kọ èyí tí kò bá bá a mu.

Fún ìdánwò, fóònù tí àwọn èèyàn ń lò ni kí a lò: Chrome orí Android, Opera Mini, Safari orí iPhone, Firefox, àti búráúsà inú Facebook. Wọlé, yí Wi-Fi sí dátà, lọ sójú òpó ìsanwó, dúró fún ìṣẹ́jú 5 gbáko kó o tó sanwó. Lórí kọ̀ǹpútà, tẹ F12, ṣí Application nínú Chrome tàbí Storage nínú Firefox, kó o sì wo nọ́ńbà káàdì (sid nínú àpẹẹrẹ wa) kó o tó lọ sanwó àti lẹ́yìn tó o bá padà. Bó bá ti yí padà, wá ojú ìwé tó pe session_start láìyẹ.