Carter Bridge, afárá tó pẹ́ jù láàárín Ìdó àti Ìdúmọ̀tà

Carter Bridge ló pẹ́ jù nínú àwọn afárá mẹ́ta tó gbé èèyàn láti orí ilẹ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó, àwọn méjì yòókù ni Eko Bridge àti Third Mainland. Ìdó ló ti gbéra, Ìdúmọ̀tà ló já sí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní 1901, wọ́n sì fi orúkọ Sir Gilbert Carter pè é, gómìnà Èkó láti 1891 sí 1897, òun náà ló rán ọmọ ogun lọ ja Ìjẹ̀bú ní 1892.

Reluwé ló fà á. Ìdó ni ojú irin tó ń ti òkè wá parí sí, bẹ́ẹ̀ Marina lọ́hùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó oníṣòwò wà, ọ̀sà sì wà láàárín, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn gbọ́dọ̀ wọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé Ìdó gan-an fúnra ẹ̀ erékùṣù kékeré ni nígbà yẹn, Denton Bridge ló so ó mọ́ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, torí náà ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn wọ Èkó, afárá méjì ló máa gbà kọjá. Ní 1902 wọ́n tẹ́ ojú irin tíráàmù gba orí Carter kọjá, ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ló ń fà á, ó ń kó èrò, ó ń kó ẹrù, ní 1933 wọ́n pa á tì pátápátá.

Títí Nàìjíríà fi gba òmìnira ní 1960, òun nìkan ṣoṣo ni mọ́tò lè gbà wọ erékùṣù. Ẹ fojú inú wò ó, kí lọ́rì kan ṣáà dákú sórí ẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Broad Street ti há nìyẹn, àfi kí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n ya àwòrán ẹ̀ lọ́tun, wọ́n tún un kọ́, afárá kékeré kan tún yà lára ẹ̀ lọ sí Alakoro, nítorí náà orúkọ ló kù nínú ti 1901, kì í ṣe òpó. Òpó tuntun yẹn náà ti ń di wàhálà báyìí o, torí ní 2025 ìjọba àpapọ̀ sọ pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lábẹ́ omi fi hàn pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, àfi kí wọ́n kọ́ òmíràn.