Bí Wọ́n Ṣe Ń So Iná Wa Mọ́ ti Aládùúgbò

Ẹ́ńjìnnì mẹ́fà ló wà ní Egbin, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iná ní Ìkòròdú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbé mẹ́gáwáàtì 220 jáde. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, torí pé iná 50 Hz là ń lò, ìyẹn iná tó ń lọ síwájú-sẹ́yìn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 50 Hz náà ni wọ́n ń lò ní Kútọ̀nu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n 50 tiwa àti tiwọn kì í ṣábà dọ́gba. Bí tiwa bá wà ní 50.1, tiwọn lè wà ní 49.9.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Wáyà iná ńlá 330 kV ti wà láti Ikeja West, ibùdó iná ní Èkó, dé Sakété ní Bẹ̀nẹ̀ láti 2007, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lò ó bí ẹni fa iná fún ará ilé kejì: wọ́n á yọ apá kan Bẹ̀nẹ̀ kúrò lára iná tó ń bọ̀ láti Gánà, wọ́n á fi í sábẹ́ tiwa. Bí tiwa bá ṣubú, apá yẹn náà á ṣókùnkùn.

Kí méjèèjì tó di ọ̀kan, féèsì mẹ́ta, ìyẹn wáyà mẹ́ta tí iná ń gbà, gbọ́dọ̀ tò bákan náà. Wọ́n máa ń yẹ èyí wò nígbà tí wáyà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀. Bí fóltéèjì bá yàtọ̀, wọ́n á yí tápù tiransifọ́mà, ibi tí wọ́n ti ń gbé fóltéèjì sókè tàbí sílẹ̀. Èyí tó kù, kí eré iná méjèèjì bára mu, ló ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Mítà kan wà tó dà bí aago. Ìyàtọ̀ eré iná méjèèjì ló ń yí abẹ́rẹ́ rẹ̀; bó bá wà ní aago méjìlá, iná méjèèjì bára mu nìyẹn, bó bá wà ní aago mẹ́fà, wọ́n kọjú ìjà síra wọn. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 0.2 Hz, abẹ́rẹ́ á yípo ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Eré yẹn ti pọ̀ jù. Ó dára kó lo ìṣẹ́jú àáyá 10, ó kéré tán. Kọ́ńdọ́ tó ń fò mọ́ dánfó mọ̀ pé òun ní láti bá a sáré ná.

Ẹni tó wà níbi bíríkà, ìyẹn súìṣì ńlá tó ń so iná méjèèjì pọ̀, kò ní ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, fóònù ló ní: á ní kí Ìkòròdú dín sitíìmù kù díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ku díẹ̀ kó kan aago méjìlá, á tan bíríkà, torí bíríkà náà kì í wọlé lójú ẹsẹ̀. Bó bá tàn án ní aago mẹ́fà, ìyàtọ̀ fóltéèjì láàárín wọn á di ìlọ́po méjì fóltéèjì ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀pá ẹ́ńjìnnì lè lọ́, ó sì lè ṣẹ́. Torí náà ni réléè kan, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná, fi wà tí kì í gbà kí bíríkà wọlé bí abẹ́rẹ́ bá ṣì jìnnà.

Lẹ́yìn èyí, 50.1 àti 49.9 á di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá dédé kú ní Ìkòròdú, àwọn ẹ́ńjìnnì Gánà náà á gbà nínú ẹrù rẹ̀, gba orí wáyà Sakété. Bí ẹrù bá ju agbára wáyà lọ, réléè á gé e, oníkálukú á tún dá wà, apá tó ń gba iná sì lè ṣubú.

Ọ̀nà míì ni Texas ní Amẹ́ríkà ń gbà: ní ibi tí wọ́n ti so mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, wọ́n ń sọ AC (iná tó ń lọ síwájú-sẹ́yìn) di DC (iná tó ń lọ sápá kan ṣoṣo), wọ́n á tún sọ ọ́ di AC lódìkejì. Abẹ́rẹ́ ò kan iná bẹ́ẹ̀, owó ẹ̀rọ tó ń yí i padà ló ga.