Impasto: ọ̀dà tó yọ gègélé lójú àwòrán

Àwọn ará Ítálì ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún búrẹ́dì ni wọ́n ń pè ní impasto. Àwọn ayàwòrán wá ń fi pe ọ̀dà tí a kùn nípọn títí ó fi yọrí sókè lójú kànfáàsì, tí ipa búrọ́ọ̀ṣì kò sì ní parẹ́ lára rẹ̀ bó tilẹ̀ gbẹ.

Oko àlìkámà àti igi sípírẹ́sì tí Vincent van Gogh yà lọ́dún 1889 ni mo fẹ́ràn jù láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ní Saint-Rémy, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ló wà nígbà náà. Ó yà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ẹ̀dà kan wà ní Metropolitan Museum ní New York; òmíràn wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹ kò ti ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ti New York ni ọ̀dà rẹ̀ nípọn jù. Ẹ wo igi yẹn: búrọ́ọ̀ṣì ń gòkè, ó ń lọ́, bí ọwọ́ iná. Ó dé orí àlìkámà, ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ohun tí atẹ́gùn ń tì. Ó dé ojú ọ̀run, ó ń yí po. Ohun tó ń yà ló ń darí ọwọ́ rẹ̀.

Àwọ̀ ńkọ́? Pupa ni àwọn àgbà wa ń pe ẹ̀jẹ̀ àti epo, wọ́n sì ń pe ìyeyè tó pọ́n bẹ́ẹ̀. Níbí, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọ̀ ìyeyè ni àlìkámà, ojú ọ̀run sì dà bí aró tí a bomi là. Nísàlẹ̀, òdòdó pupa fòò wà láàárín ewé tútù, ẹ̀kán ọ̀dà kan ṣoṣo fún òdòdó kan. Van Gogh mọ̀ pé bí àwọ̀ méjì bá takora, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tan ju bó ṣe máa rí tó bá dá wà. Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà tó ń bójú tó aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris, ti kọ ìwé lórí èyí lọ́dún 1839. Wọ́n ń ráhùn sí i pé òwú dúdú kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé aró kò lẹ́bi, òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń yí i lójú.

Tí ẹ bá dé iwájú àwòrán náà, ẹ má dúró sọ́ọ̀kán nìkan. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí iná yàrá lè gba orí ọ̀dà kọjá. Ẹ ó rí òjìji tín-ín-rín lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan.