Dídín pitch kù kò sọ hẹlikọ́pítà di oníwà pẹ̀lẹ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra hẹlikọ́pítà onírìmóòtù, irú èyí tí bíléèdì orí rẹ̀ ń dagẹ̀rẹ́ sókè sódò bí a bá ti fọwọ́ kan stíìkì (ìwọ̀n ìdagẹ̀rẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní pitch), kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn kan lẹ́nu àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀: "Dín pitch rẹ̀ kù. Má jẹ́ kó kọjá dígírì 6 lókè, má sì jẹ́ kó wọ abẹ́ òdo rárá, kó má baà le jù fún ọ." Ó dùn ún gbọ́, ìfẹ́ ló sì mú kí wọ́n sọ ọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà tí mo ń kọ́, mo sì fi ẹsẹ̀ hẹlikọ́pítà mi méjèèjì san gbèsè rẹ̀.

Hẹlikọ́pítà kékeré oníbátìrì ni. Bíléèdì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní mìlímítà 325. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é: òdo nísàlẹ̀, dígírì 6 lókè. Inú mi dùn sí i láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, torí pé ó ń rábàbà jẹ́jẹ́ níwájú mi, kì í fò sókè lójijì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé e ga díẹ̀, bíi gíga ilé alájà kan, mo wá ní kó máa bọ̀ nílẹ̀. Bíbọ̀ rẹ̀ yá ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti stíìkì sókè, kò dúró. Mo tì í kan òpin, mo sì di àtàǹpàkò mọ́ ọn. Mo gbọ́ tí ohùn bíléèdì wúwo sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n hẹlikọ́pítà náà kò yéé bọ̀. Ó gbá ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́, ọ̀pá àárín tó gbé bíléèdì dúró tẹ̀, bíléèdì kan sì là lórí.

Ìgbà tí mo fi ìwọ̀n pitch wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà lọ̀rọ̀ yé mi. Dígírì 5 ààbọ̀ ni hẹlikọ́pítà yẹn ń lò láti rábàbà lójú kan. 6 sì ni òpin tí mo fún un. Ìdajì dígírì péré ni mo fi sílẹ̀ fún ara mi láti fi dá ohun tó ń já bọ̀ látòkè dúró.

Bí ẹ bá ti na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gan-an rí, ẹ ti mọ ohun tí pitch jẹ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ á kàn ṣàn kọjá. Bí ẹ bá gbé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí afẹ́fẹ́ sókè díẹ̀, ọwọ́ á fẹ́ gbéra. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á tì í sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí bíléèdì ń ṣe náà nìyẹn. Èyí tí ikùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ bára mu, tí ọ̀pọ̀ hẹlikọ́pítà onírìmóòtù ń lò lónìí, kì í gbé ohunkóhun bó bá wà ní òdo. Òkè òdo ló ti ń gbé nǹkan sókè, abẹ́ òdo ló ti ń tì í wálẹ̀.

Mo rò pé ara hẹlikọ́pítà ìṣeré ọmọdé ni ìgbàgbọ́ òdì náà ti wá. Pitch ti ìyẹn kì í yí padà. Bí a bá fẹ́ kó gòkè, ẹ́ńjìnnì ni yóò sáré sí i. Bí a bá fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì á rọra yí. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá á máa rò pé agbára ni gbogbo nǹkan, pé bí a bá dín nọ́ńbà kan kù, gbogbo ara á rọ̀, bí ìgbà tí a dín fáànù kù. Hẹlikọ́pítà tó ń fi pitch ṣiṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyára bíléèdì rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ìgbà tó gbéra títí yóò fi balẹ̀. Ẹ wo Robinson R22, hẹlikọ́pítà gidi tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfuurufú fi kọ́ṣẹ́. Bó fẹ́ gbéra ni o, bó ń rábàbà ni o, bó ń gòkè ni o, bíléèdì rẹ̀ ń yí ní ìgbà tó lé díẹ̀ ní 500 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pá tó wà lápá òsì awakọ̀ ló ń yí pitch padà, pitch yẹn ló sì ń gbé e ròkè tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nítorí náà, pitch ni gáàsì rẹ̀, pitch náà ni bíréèkì rẹ̀. Ẹni tó bá gé òkè pitch kúrú kí hẹlikọ́pítà má baà le, bíréèkì ló gé kúrú. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dé ilẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀? Akọ́ṣẹ́ gan-an ló nílò +9 tàbí +10 lókè, torí pé òun ló máa ń jẹ́ kí nǹkan já bọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ti abẹ́ òdo ló ṣòro jù láti yí àwọn ènìyàn lọ́kàn padà lórí rẹ̀, n kò sì bá wọn wí, torí ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ní ìdí. Bí jìnnìjìnnì bá mú ẹni tó ń kọ́, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò já stíìkì sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé -10 ló wà nísàlẹ̀ yẹn, bíi ti àwọn tó ń fi hẹlikọ́pítà takìtì, ńṣe ni hẹlikọ́pítà á fi orí ara rẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láàárín -10 àti òdo. -2 tàbí -3 ni mò ń sọ.

Kí la fẹ́ fi ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, afẹ́fẹ́. Hẹlikọ́pítà kékeré fúyẹ́, bí ìjì bá sì gbá abẹ́ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ balẹ̀, òdo nìkan lè má tó láti mú un wálẹ̀. Bó bá balẹ̀ tán pàápàá tí bíléèdì ṣì ń yí, pitch díẹ̀ lábẹ́ òdo ni yóò fìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà dojú rẹ̀ dé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ohun tí ẹ pè ní òdo lè jẹ́ +1 nínú òótọ́, bí ìwọ̀n yín bá yẹ̀ díẹ̀. Hẹlikọ́pítà bẹ́ẹ̀ kì í jókòó dáadáa. Ńṣe ló máa ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè. Bí pitch bá wà ní +5 nígbà náà, afẹ́fẹ́ á jẹ ìyípo bíléèdì tán kíá, ohun tó kù á sì já bọ̀ bí òkúta. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá yá, tí a fà á wá sí -3, afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ wọlé bí hẹlikọ́pítà ṣe ń bọ̀ ni yóò máa yí bíléèdì náà láìsí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ku díẹ̀ kó kanlẹ̀, a ó fi pitch òkè ná ìyípo tí a ti tọ́jú yẹn, yóò sì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Autorotation ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí òdo bá jẹ́ òpin rẹ̀ ti dín àǹfààní yẹn kù fún ara rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kejì tó máa ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ ni pé kí a dín ìyára bíléèdì kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìyípo bá kúrò ní 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, tó di 2,000, agbára tí bíléèdì fi ń gbé nǹkan ní pitch kan náà á ṣẹ́kù sí nǹkan bíi 64 nínú 100. Láti rábàbà, pitch á gbọ́dọ̀ ga sí i, àyè ìdúró tí a ń wá kiri á sì túbọ̀ dín. Ìrù á rọ, hẹlikọ́pítà á sì máa lọ́ra láti dáhùn nígbà tí a bá fẹ́ tún un ṣe. Ewu rẹ̀ ńkọ́? Lórí hẹlikọ́pítà tó tó tèmi, ṣóńṣó orí bíléèdì ń sáré ju 300 kìlómítà ní wákàtí kan lọ ní ìyípo 2,500. Ní 2,000, ó ṣì ju 250 lọ. Èwo nínú méjèèjì lẹ máa gbà kó bà yín lójú? Jíjìnnà sí i ló ń gbani, kì í ṣe dídín in kù.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣètò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà mẹ́ta tó lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fo èyí. Ẹ jẹ́ kí ìlà pitch inú rìmóòtù, ìyẹn ètò tó ń sọ iye pitch tí ipò stíìkì kọ̀ọ̀kan máa fún bíléèdì, lọ tààrà, ẹ fi stíìkì sí àárín gbùngbùn, kí apá servo, mọ́tò kékeré tó ń gba àṣẹ stíìkì, dúró ṣánṣán, kí swashplate, àwo abẹ́ bíléèdì tó ń gbé àṣẹ yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn, sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbẹ̀, òdo ló yẹ kí pitch wà. Ẹ wá ká bíléèdì méjèèjì sí apá ìrù, kí wọ́n sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo orí wọn láti ẹ̀yìn. Bí òdo bá pé, orí méjèèjì á bára dọ́gba. Bí kò bá pé, ọ̀kan á lọ sókè, èkejì á lọ sísàlẹ̀, bí ẹnu ẹyẹ tó là. Lórí bíléèdì mìlímítà 325, dígírì 1 péré á fi nǹkan bíi mìlímítà 11 sáàárín wọn, tó fi jẹ́ pé ojú lásán rí i kí a tó gbé ìwọ̀n jáde.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀nà. Ọ̀pá tín-ín-rín tó so swashplate mọ́ bíléèdì, òdo ni a fi ń wá, kì í ṣe òpin. Bí ẹ bá lọ́ ọ torí pé òkè kò tó 10, ìsàlẹ̀ á bá a yẹ̀. Ibi tí a ti ń fẹ òpin méjèèjì tàbí tí a ti ń fún un wà nínú ètò rìmóòtù tàbí ti ẹ̀rọ tó ń darí swashplate. Bí ẹ bá ti dé òpin, ẹ tẹ́tí sí servo. Bó bá ń kùn, nǹkan ti há níbì kan. Ẹ dín in díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá fún akọ́ṣẹ́ ní pẹ̀lẹ́ tó ń wá, inú ìlà pitch ló sì wà. Èyí tí mò ń lò fún ẹni tó ń kọ́ ni -3 nísàlẹ̀ pátápátá, +3 ní ìdá kan nínú mẹ́rin, +5.5 ní àárín, +7.5 ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, +10 lókè. Ẹ rí i pé àárín, níbi tó ti ń rábàbà, ìlà náà rọra ń gòkè: àtàǹpàkò á rìn díẹ̀ kí pitch tó yí díẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan fẹ́ràn ìlà tààrà láti -10 dé +10 láti ọjọ́ kìíní, kí ọwọ́ má baà tún kọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. N kò bá wọn jiyàn, bí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kọ́. Èyí tó wù kí ẹ mú, kí ìlà pitch ti bọ́tìnnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì bá a mu, kí hẹlikọ́pítà má baà ta gìrì lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lókè.

Nígbà tí mo tún tèmi ṣe tán, tí mo fi ẹsẹ̀ tuntun àti ọ̀pá tuntun sí i, mo gbé e padà sí gíga kan náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó yára bọ̀. Nígbà tó dé bíi gíga àyà mi, mo ti stíìkì sókè. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rábàbà. Stíìkì kò tíì dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.