Ọ̀nà Òkè Tí a Gé sí Ọjọ́ Méje: Bí Ètò Rẹ̀ Ṣe Ń Lọ

Ẹni tó fẹ́ ti Abẹ́òkúta bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn kò ní kọ́kọ́ lọ sí Èkó kó tó wọkọ̀. Ládérin ni yóò ti wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí òkè ṣe ń ṣe sí ọ̀nà tó bá gùn ju ìsinmi tí wọ́n gbà lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Wọn a gé e, wọn a rin abala kan tán, wọn a padà sílé. Bó bá di ọdún mìíràn, wọn a bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n parí sí.

Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gé báyìí. Láti Springer Mountain ní Georgia dé Katahdin ní Maine, ó tó nǹkan bí kìlómítà 3,500, ó sì gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Benton MacKaye ló dá àbá rẹ̀ ní 1921, wọ́n sì là á já tán ní 1937. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹni tó bá fẹ́ rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan yóò lò. Fún ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan péré, abala tó gba inú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Great Smoky Mountains (Smokies), láti Fontana Dam dé Davenport Gap, ló ṣe wẹ́kú: nǹkan bí kìlómítà 115. Ẹni tó bá ní ará ilé ní Atlanta kò sì jìnnà síbẹ̀, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni nínú ọkọ̀.

Orí bàtà àti báàgì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ètò irú ìrìn yìí. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ó sùn ló ń darí gbogbo rẹ̀. Àwọn abà wà lójú ọ̀nà náà, ògiri mẹ́ta, iwájú ṣí sílẹ̀, pẹpẹ pákó wà nínú wọn tí àwọn arìnrìnàjò ń tẹ́ ẹní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú Smokies, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn sùn síbi tó bá wù ú. A ní láti gba àyè alẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a sì gba ìwé àṣẹ. Dọ́là 8 ni owó alẹ́ kan fún ẹnì kan, kì í sì í kọjá dọ́là 40, nítorí náà alẹ́ mẹ́fà tó wà nínú ọjọ́ méje yóò gba dọ́là 40 géérégé.

Bí a bá pín 115 sọ́nà méje, kìlómítà 16 àti díẹ̀ ló bọ́ sí ọjọ́ kan. Àmọ́ àwọn tó kọ́ abà kò tẹ̀ lé ìṣirò yẹn. Kìlómítà 5 ló wà láàárín àwọn kan, ó sì tó 12 láàárín àwọn mìíràn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a mú bébà kan, kí a to orúkọ gbogbo abà wálẹ̀ láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀, kí a kọ bí ó ṣe jìnnà sí èyí tó tẹ̀ lé e àti iye mítà tí a ó gùn kí a tó débẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá fa ìlà yí mẹ́fà ká. Ọjọ́ kan lè jẹ́ 12, òmíràn lè jẹ́ 20, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Iye mítà tí a ó gùn yẹn ṣe pàtàkì, torí pé kìlómítà nìkan kì í sọ òótọ́ lórí òkè. Ará Scotland kan, William Naismith, fi ìṣirò kan lélẹ̀ ní 1892 tí wọ́n ṣì ń lò dòní: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a tún fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn. Ká ní ìrìn ọjọ́ kan jẹ́ kìlómítà 16, tí gígun òkè inú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1,000. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 12 ni ti ìrìn, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40 ni ti òkè. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tíì pé wákàtí 5. Àmọ́ ìṣirò yìí kò ka ìsinmi, kò ka ẹrù tó wúwo, kò ka ojú ọ̀nà tó ti di ẹrẹ̀. Ó dáa kí a fi ìdajì rẹ̀ kún un, ìyẹn ni pé wákàtí 7 àti díẹ̀ la ó kọ sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ láti Fontana Dam ló sì yẹ kí a fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú jù, nítorí ìdídò náà wà ní nǹkan bí mítà 520 sókè ìtẹ́jú òkun, orí òkè tí a sì ń lọ ti kọjá 1,300, gbogbo oúnjẹ sì ṣì wà lẹ́yìn wa.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orí Olúmọ jẹ́ mítà 137 sókè ìtẹ́jú òkun, nígbà tí Kuwohi, òkè tó ga jù lójú ọ̀nà náà, jẹ́ 2,025. (Clingmans Dome ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá orúkọ tí àwọn Cherokee sọ ọ́ padà fún un ní 2024.) Ó ju Olúmọ lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlá, síbẹ̀ Olúmọ tó fi kọ́ ẹsẹ̀. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀rá 20, jẹ́ nǹkan bí kìlógírámù 10. Kí a fi ọ̀rá mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ nínú báàgì ẹ̀yìn ní Sátidé àkọ́kọ́, kí a fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn láì wọ ẹ̀rọ agbéniròkè. Omi yóò máa mì lẹ́yìn, okùn báàgì yóò máa jẹ èjìká, èémí yóò sì kúrú kí a tó rí òrùlé páànù ìlú nísàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a pín omi náà fún àwọn tó wà lókè, kí a sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Tó bá di oṣù kejì, kí ogún ọ̀rá gòkè, kí ogún sì bá wa sọ̀kalẹ̀, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ló ń dá orúnkún lóró. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹrù má ju ìdá márùn-ún ìwúwo ẹni lọ: kìlógírámù 14 fún ẹni tó bá wọn 70.

Ibi tí ẹrù ti ń ṣẹ́ ènìyàn lápá ni oúnjẹ. Nǹkan bí gíráàmù 700 oúnjẹ gbígbẹ ló ń tó àgbàlagbà kan lójúmọ́, ọjọ́ méje sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di kìlógírámù 5. Ṣùgbọ́n títì ọlọ́dà kan gé ọ̀nà náà kọjá ní Newfound Gap, lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 65 láti Fontana, ó sì sọ̀ sí ìlú Gatlinburg. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin nìkan la ó gbé kúrò nísàlẹ̀, a ó ra ti ọjọ́ mẹ́ta yòókù níbẹ̀. Gàrí àti ẹ̀pà ọjà Kútọ̀ kò kẹ̀rẹ̀ rárá: gíráàmù 100 gàrí ń fúnni ní nǹkan bí kálórì 360, ti ẹ̀pà sì lé ní 550. Gàrí ò nílò iná, omi tútù ti tó o. Kí a wọn ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀ lórí síkéèlì, kí a dì í, kí a kọ nọ́ńbà ọjọ́ sí i lára. Bí ọwọ́ bá wọ báàgì ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rá kẹta ni yóò mú jáde, ọ̀la kò sì ní di ẹbọ òní. Kílíṣí ní tirẹ̀ kí ó dúró sílé, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí irú ẹran bẹ́ẹ̀ wọlé. Agolo gáàsì síítóòfù náà kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀hún la ti ń rà á.

Ìsun omi sábà máa ń wà nítòsí abà. Kí a sẹ́ ẹ tàbí kí a sè é: kí ó hó fún ìṣẹ́jú kan, tàbí mẹ́ta bí ibẹ̀ bá ga ju mítà 2,000 lọ.

Òtútù la ò gbọdọ̀ fojú kéré, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé ọyẹ́ nìkan ló mọ̀. Bí a bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń fi nǹkan bí dígíríì 6 tutù sí i ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, òjò sì pọ̀ lórí àwọn òkè yẹn. Òwú ni wọ́n fi hun àdìrẹ Ìtòkú, òwú tó bá sì ti mu omi kì í tètè gbẹ, á máa fa ooru kúrò lára. Aṣọ onírun àgùntàn tàbí pọlísítà ló yẹ kó kan ara, àdìrẹ dára fún ọjọ́ tí a bá padà dé. Ìparí oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, tàbí oṣù kẹwàá, ni ojú ọjọ́ fara rọ jù.

Béárì tó wà níbẹ̀ ju ti inú ìtàn Èlíṣà lọ níye, ó tó nǹkan bí 1,900 nínú ọgbà náà. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Wáyà wà lẹ́bàá abà tí a ń fa báàgì oúnjẹ sókè lórí rẹ̀ lálẹ́, ọṣẹ àti ìpara eyín sì gbọ́dọ̀ bá a lọ torí òórùn wọn.

Ó ku ọkọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń lọ gbé mọ́tò wọn sí Davenport Gap tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà nítòsí rẹ̀, wọn a wá sanwó fún awakọ̀ kan kó gbé wọn lọ sí Fontana. Ìdí mọ́tò wọn ni wọ́n ń rìn lọ lójoojúmọ́, kò sí pé wọ́n ń dúró de ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ keje. Bí ẹsẹ̀ bá bó tàbí tí ibà bá dé kí ó tó di ìgbà náà, Newfound Gap tún ni ẹnu ọ̀nà àbájáde.

Ẹ̀dà bébà tí orúkọ abà mẹ́fà wà lára rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹnì kan nílé ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹlifóònù ọgbà náà àti wákàtí tí a fẹnu kò sí. Nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró lórí òkè, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ méjì kì í ṣe ewu. Bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Davenport Gap ní oṣù karùn-ún, agogo mọ́kànlá alẹ́ ti lù ní Abẹ́òkúta. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ìpè kò wọlé, ẹni náà yóò pe ọgbà, yóò sì ka orúkọ abà fún wọn láti orí ti ìkẹyìn sẹ́yìn.