Edward: Orúkọ Òyìnbó Tó Jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì Lóòótọ́

Nínú àwọn orúkọ ọkùnrin tí a ń pè ní orúkọ òyìnbó, díẹ̀ ló jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. John, James, Samuel àti Joseph, inú Bíbélì ni wọ́n ti wá, Hébérù ló ni wọ́n. Gíríìkì ló ni George. William, Robert àti Henry, àwọn Nọ́mánì tó ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun England lọ́dún 1066 ló sọ wọ́n di orúkọ ìgboro níbẹ̀. Edward kò sí lára wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi sọ ọmọ wọn kí Nọ́mánì kankan tó tẹ ilẹ̀ náà.

Eadweard ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn. "Ead" ni ọlà, ọrọ̀ tàbí oríire. "Weard" ni ẹ̀ṣọ́. Olùṣọ́ ọlà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn ilé ọba wa ṣe ń di Adé mú tí wọ́n fi ń sọ Adéwálé, Adékúnlé àti Adébáyọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìdílé ọba Wessex, ní gúúsù England, ṣe máa ń di ọ̀rọ̀ kan mú, tí wọ́n á máa pààrọ̀ ìyókù. Ara "ead" yìí náà ni wọ́n ti yọ Edmund, ìyẹn ọlà àti ààbò. Edwin, ọlà àti ọ̀rẹ́. Edgar, ọlà àti ọ̀kọ̀. Àti Edith tó jẹ́ orúkọ obìnrin, ọlà àti ogun. Ẹ má wulẹ̀ wá gbólóhùn sínú Edgar o. Orúkọ tiwa máa ń sọ̀rọ̀. Tiwọn kàn ń to ọ̀rọ̀ iyì síra wọn ni.

Ọba mẹ́ta ló ti jẹ́ Edward kí Nọ́mánì tó dé. Ọmọ Alfred, ọba Wessex tó lókìkí jù, ni àkọ́kọ́, ó sì jọba láti 899 sí 924. Wọ́n pa èkejì ní Corfe lọ́dún 978, kò tíì ju ọ̀dọ́mọkùnrin lọ. Ẹ̀kẹta, tó gorí oyè lọ́dún 1042, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Westminster. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ ló kú, ní January 1066. Ìjọ Kátólíìkì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ lọ́dún 1161.

Ikú rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ogun 1066. Lẹ́yìn tí àwọn Nọ́mánì gba ìlú, tálákà náà fẹ́ jọ olówó: ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ́ William, William ló máa sọ ọmọ rẹ̀. Láàárín bí ìran mẹ́rin sí márùn-ún, ọ̀pọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti pòórá. Ta ló tún ń sọ ọmọ ní Wulfstan lónìí?

Ẹni tó yọ Edward nínú ọ̀fìn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà, nítorí pé Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin rẹ̀. Henry Kẹta, ọba England tó jẹ́ ìran àwọn Nọ́mánì tó ṣẹ́gun, fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fẹ́ràn ẹni mímọ́ tó kọ́ Westminster. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin lọ́dún 1239, kò sọ ọ́ ní orúkọ àwọn baba rẹ̀ bíi William tàbí Richard. Edward ló sọ ọ́, orúkọ tó ti ṣàjèjì sí etí àwọn ìjòyè rẹ̀. Ọmọ yẹn jọba, ọmọ rẹ̀ Edward jọba, ọmọ ọmọ rẹ̀ Edward tún jọba: láti 1272 dé 1377, Edward nìkan ló wà lórí ìtẹ́. Ta ni yóò tún pe orúkọ náà ní orúkọ mẹ̀kúnnù? Ẹ̀yìn 1066 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ka iye wọn, ìdí nìyẹn tí Edward Kìíní inú ìwé fi jẹ́ ẹ̀kẹrin tó gun orí oyè lóòótọ́.

Ní ti ìnagijẹ, iwájú orúkọ ni wọ́n sábà máa ń mú: Ed, Eddie. Àwa a máa mú ẹ̀yìn, bíi Wálé àti Kúnlé. Ṣùgbọ́n báwo ni Edward ṣe di Ned? Láyé àtijọ́, "mine" ni wọ́n máa ń lò fún "tèmi" níwájú fáwẹ́lì. "Mine Ed" ni ìyá ń pe ọmọ rẹ̀. Etí gbọ́ ọ bíi "my Ned", ẹnu sì mú un bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni Ellen ṣe di Nell.

Orúkọ náà gba orí omi kọjá. Philippa, ọmọ ọmọ Edward Kẹta, fẹ́ ọba Portugal, wọ́n sì sọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ní Duarte, ìyẹn Edward lẹ́nu Potogí. Òun náà jọba, láti 1433 sí 1438. Duarte mìíràn, Duarte Coelho, ló gba àkóso Pernambuco ní Brazil lọ́dún 1534, níbi tí wọ́n ti ń pe ẹ̀sìn òrìṣà ní Xangô, ìyẹn Ṣàngó wa.

Lọ́dọ̀ wa, Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé Adúláwọ̀ ará Liberia, ni kí ẹ rántí. Ó sọ̀rọ̀ l'Ékòó lọ́dún 1891 pé kí àwọn Adúláwọ̀ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń ju orúkọ òyìnbó nù nígbà náà: David Brown Vincent, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, di Mojọlá Agbébí. Blyden fúnra rẹ̀ kò bọ́ Edward sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Edward wà lára orúkọ mẹ́wàá tó gbajúmọ̀ jù fún ọmọkùnrin láti 1900 títí dé àwọn ọdún 1920. Ó ti kúrò nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ níbẹ̀ báyìí. Ní England àti Wales, níbi tí Muhammad ti ṣíwájú gbogbo orúkọ ọmọkùnrin lọ́dún 2023, Edward ṣì wà nínú ọgọ́rùn-ún náà. Teddy, tó jẹ́ ìnagijẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn òbí ti ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní Teddy gan-an, láìsí Edward lẹ́yìn rẹ̀.